Raymond Burr: Ó tú àṣírí aráyé lórí tẹlifíṣàn, ó fi tirẹ̀ pamọ́ títí dọ́jọ́ ikú

Alẹ́ ọjọ́ Sátidé ni, ọjọ́ 5, oṣù kọkànlá, ọdún 1960. Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ lo oṣù kan ó lé díẹ̀ nínú òmìnira rẹ̀ ni. Ní Amẹ́ríkà, ó ku ọjọ́ mẹ́ta péré kí wọ́n dìbò láàárín John Kennedy àti Richard Nixon. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀pọ̀ ìdílé ní Amẹ́ríkà pa ọ̀rọ̀ òṣèlú tì, wọ́n jókòó ti tẹlifíṣàn wọn láti wo Perry Mason, eré agbẹjọ́rò tí wọ́n ti ń wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti ọdún 1957. Ti ọjọ́ náà yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí tí wọ́n ti ń wò. Ìpànìyàn tí wọ́n fẹ́ wádìí kò ṣẹlẹ̀ ní ilé olówó tàbí ní ọ́fíìsì oníṣòwò ńlá. Àárín àwọn eléré sákọ́ọ̀sì ló ti ṣẹlẹ̀, ìyẹn àwọn tó ń ru àgọ́ ńlá kiri láti ìlú dé ìlú, tí àwọn kan nínú wọn ń fò lókè bí ẹyẹ, tí àwọn apanilẹ́rìn-ín wọn sì máa ń fi àtíkè àti ọ̀dà kun ojú tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá tó bí wọn kò fi ní í dá wọn mọ̀.

The Case of the Clumsy Clown ni orúkọ abala náà, èyí tí a lè túmọ̀ sí ẹjọ́ apanilẹ́rìn-ín tí ọwọ́ rẹ̀ kò já fáfá. Ken Curtis, ọkùnrin tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Festus nínú eré Gunsmoke lẹ́yìn náà, wà lára àwọn tó ṣe eléré sákọ́ọ̀sì nínú rẹ̀. Níbi tó jẹ́ pé dídíbọ́n ni iṣẹ́ tí gbogbo ènìyàn fi ń jẹun, ó ṣòro kí a tó mọ ẹni tó ń sọ òtítọ́. Ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, Perry Mason kò sinmi títí tí òtítọ́ fi jáde. Àwọn òǹwòran pa tẹlifíṣàn wọn, wọ́n lọ sùn pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀ pé kò sí ìbòjú tí agbẹjọ́rò yìí kò lè ṣí.

Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé Raymond Burr, òṣèré tó ń ṣe Perry Mason fún wọn, òun gan-an ń gbé inú aṣọ eégún. Eléré sákọ́ọ̀sì máa ń fọ ojú rẹ̀ lẹ́yìn eré. Ti Burr kò ṣeé fọ̀. Ó gbé e láti ìgbà tó wà ní ọ̀dọ́ títí tí wọ́n fi gbé e wọ inú ilẹ̀.

Raymond William Stacy Burr ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Ọjọ́ 21, oṣù karùn-ún, ọdún 1917 ni wọ́n bí i ní New Westminster, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ British Columbia, orílẹ̀-èdè Kánádà. William, bàbá rẹ̀, ń ta irinṣẹ́. Minerva, ìyá rẹ̀, mọ dùùrù tẹ̀ dáadáa. Ọmọdé ni Raymond nígbà tí òwò gbé bàbá rẹ̀ lọ sí Ṣáínà, tí gbogbo ìdílé sì bá a lọ kí wọ́n tó padà sílé. Nígbà tí ọmọ náà pé ọdún mẹ́fà, àárín bàbá àti ìyá dàrú. Ìyá kó ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí Raymond jẹ́ àkọ́bí wọn, ó mú wọn lọ sí ìlú Vallejo ní California, lọ́dọ̀ àwọn òbí tirẹ̀ tó ní hòtẹ́ẹ̀lì.

Ọmọ náà sanra, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n fi í sí ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ bí ológun, ibẹ̀ náà kò sì rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dojú dé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, ó pa ìwé tì láti bá ìyá rẹ̀ wá oúnjẹ. Ọmọ tí kò bá rí ojú rere láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń wá ibi tí yóò ti di ẹlòmíràn. Orí ìtàgé ni Raymond ti rí ibi náà. Ní ọdún 1937, ó wọ Pasadena Playhouse, ilé eré tí ọ̀pọ̀ òṣèré Hollywood ti kọ́ṣẹ́. Ó dé orí ìtàgé Broadway ní New York ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1940, láti ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ sinimá RKO sì ti gbà á síṣẹ́.

Ìrísí rẹ̀ ló yan iṣẹ́ fún un. Ó ga, ó fẹ̀ láyà, ohùn rẹ̀ wúwo, ojú rẹ̀ jinlẹ̀ bíi ti ẹni tí inú ń bí. Àwọn olóòtú sinimá kò rí olólùfẹ́ lára rẹ̀. Ọ̀daràn ni wọ́n rí. Láàárín ọdún 1946 sí 1957, ó kópa nínú sinimá tó lé ní 50, nínú ọ̀pọ̀ wọn ló sì ti jẹ́ apànìyàn, oníjìbìtì tàbí ẹni tó ń fìyà jẹ obìnrin. Èyí tí a kò lè gbàgbé nínú wọn ni Rear Window, tí Alfred Hitchcock ṣe ní ọdún 1954. Burr ló ṣe ọkùnrin tó pa ìyàwó rẹ̀, tí aládùúgbò rẹ̀ sì ń ṣọ́ láti ojú fèrèsé. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì péré ni nígbà tí wọ́n ń ya á, ṣùgbọ́n wọ́n sọ irun rẹ̀ di funfun kí ó lè dàgbà lójú. Ní ọdún 1956, nígbà tí wọ́n fẹ́ fi sinimá Godzilla ti àwọn ará Jàpáànù han àwọn ará Amẹ́ríkà, wọ́n ya ibi tí Burr ti ṣe akọ̀ròyìn lọ́tọ̀, wọ́n sì fi kún un.

Sinimá kan tó ti ṣe ṣáájú ló ṣí ọ̀nà tuntun fún un. Nínú A Place in the Sun, tó jáde ní ọdún 1951, agbẹjọ́rò ìjọba ló ṣe, bó sì ṣe dojú kọ ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ní kóòtù wọ obìnrin kan lọ́kàn gidigidi. Gail Patrick Jackson ni orúkọ obìnrin náà. Òun ni Erle Stanley Gardner, agbẹjọ́rò tó di òǹkọ̀wé, gbé iṣẹ́ lé lọ́wọ́ láti sọ àwọn ìwé Perry Mason di eré tẹlifíṣàn. Nígbà tí wọ́n ń dán àwọn òṣèré wò, ipò Hamilton Burger, agbẹjọ́rò ìjọba tí Mason máa ń borí, ni wọ́n kọ́kọ́ ní kí Burr wá gbìyànjú. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí òun dán ti Mason náà wò. Wọ́n ní kí ó lọ dín ọ̀rá ara rẹ̀ kù kí ó tó padà wá, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Gardner fúnra rẹ̀ rí i, kò tún wo ẹlòmíràn mọ́.

Ọjọ́ 21, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1957 ni eré náà bẹ̀rẹ̀ lórí CBS. Ọjọ́ 22, oṣù karùn-ún, ọdún 1966 ló parí, lẹ́yìn abala 271. Ìlànà rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Wọn á fi ẹ̀sùn ìpànìyàn kan aláìmọwọ́mẹsẹ̀. Mason á gba ẹjọ́ rẹ̀, Della Street akọ̀wé rẹ̀ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Paul Drake ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ á máa sáré kiri. Ní kóòtù, ìbéèrè á pọ̀ débi pé apànìyàn gan-an á tú ara rẹ̀ fó. Àwọn ẹjọ́ tí Mason pàdánù kò tó nǹkan. Burr gba àmì-ẹ̀yẹ Emmy ní ọdún 1959 àti 1961, àwọn agbẹjọ́rò gidi sì ń pè é kí ó wá bá àwọn sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé wọn.

Owó iṣẹ́ náà wọ̀n. Ọjọ́ mẹ́fà ni Burr ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀, ọ̀rọ̀ tí yóò sì sọ lójúmọ́ pọ̀ ju ti gbogbo àwọn tó kù lọ. Ó máa ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́ láti há a sórí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í lọ sílé rárá, ọgbà ilé-iṣẹ́ ló ń sùn. Ṣùgbọ́n àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ jẹ́rìí pé aláwàdà ni, ọ̀làwọ́ ni, kì í sì í fi ipò rẹ̀ tẹ ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀.

Ní ọdún 1960 yìí kan náà tí wọ́n ṣe abala sákọ́ọ̀sì, ìdánwò gidi dé bá a lẹ́yìn kámẹ́rà. William Talman, tó ń ṣe Hamilton Burger, lọ sí àríyá kan ní oṣù kẹta. Ọlọ́pàá ya wọ ibẹ̀, wọ́n fi ẹ̀sùn ìwà àìtọ́ kàn án pẹ̀lú àwọn mìíràn. CBS kò dúró gbọ́ ẹjọ́. Kíá ni wọ́n lé e. Ní oṣù kẹfà, adájọ́ da ẹ̀sùn náà nù nítorí pé kò sí ẹ̀rí, síbẹ̀ CBS kò gbà á padà. Aláìjẹ̀bi ni ní kóòtù, ẹlẹ́bi ni lójú àwọn tó gbà á síṣẹ́. Ẹjọ́ tí Perry Mason fi ń jẹun gan-an nìyí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó kọ ọ́ sínú ìwé.

Burr kò dákẹ́. Ó wà lára àwọn tó bẹ̀bẹ̀ fún Talman, àwọn òǹwòran náà kọ lẹ́tà, nígbà tó sì di oṣù Kejìlá, wọ́n dá Talman padà sẹ́nu iṣẹ́. Ènìyàn lè rò pé ohun kékeré ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ranti pé tí àwọn oníròyìn bá pinnu láti wá ìdí ọ̀rọ̀ ìwà àìtọ́ láàárín àwọn òṣèré eré náà, Burr ni ẹni tó ní nǹkan láti pàdánù jù lọ. Ẹni tí ilé rẹ̀ jẹ́ koríko kì í sábà jáde wá bá aládùúgbò pa iná.

Ìdí ni pé láti bí ọdún mélòó kan ni Burr ti ń sọ ìtàn ara rẹ̀ fún àwọn oníròyìn, tí ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kò sì ṣẹlẹ̀ rí. Ó ní òun ti fẹ́ ìyàwó mẹ́ta. Èyí àkọ́kọ́, ó ní Annette Sutherland ni orúkọ rẹ̀, ó sì kú ní ọdún 1943 nínú ọkọ̀ òfuurufú tí àwọn ará Jámánì já bọ́, èyí tí Leslie Howard òṣèré kú sí. Ó ní obìnrin náà bí ọmọkùnrin kan fún òun, Michael Evan, tí àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ pa ní ọmọ ọdún mẹ́wàá ní ọdún 1953. Ó ní kí ọmọ náà tó kú, òun gbé e kiri Amẹ́ríkà fún ọdún kan kí ó lè fojú rí ẹwà ilẹ̀ náà. Ó tún ní ìyàwó kẹta, tí òun náà kú. Ó ní òun jà lójú ogun, òun sì fara gbọgbẹ́.

Àwọn tó wádìí lẹ́yìn ikú rẹ̀ yẹ ìtàn wọ̀nyí wò gẹ́gẹ́ bí Perry Mason ì bá ti yẹ̀ wọ́n wò. Wọ́n wo orúkọ àwọn tó wà nínú ọkọ̀ òfuurufú náà, wọn kò rí Annette Sutherland níbẹ̀. Wọ́n wá ìwé ìbí ọmọ náà, kò sí. Àwọn ẹbí Burr fúnra wọn kò rí Michael rí. Ọdún tó ní òun fi gbé ọmọ kiri, inú sinimá ló wà ní Hollywood. Ìyàwó kan ṣoṣo tí ẹ̀rí fi hàn pé ó fẹ́ ni Isabella Ward, òṣèré tó pàdé ní Pasadena. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ọdún 1948. Láàárín oṣù díẹ̀, obìnrin náà ti padà sọ́dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀. Ní ọdún 1952, kóòtù tú wọn ká.

Kí ló dé tí ènìyàn á fi pa ọmọ tí kò bí? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìgbà tí Burr gbé. Ọkùnrin tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí ọkùnrin bíi tirẹ̀ ni. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, kò sí ìpínlẹ̀ kankan ní Amẹ́ríkà tí òfin kò ti ka irú ìbálòpọ̀ bẹ́ẹ̀ sí ọ̀ràn tí ènìyàn lè torí rẹ̀ lọ sẹ́wọ̀n. Ìpínlẹ̀ Illinois ló kọ́kọ́ pa òfin náà rẹ́, California kò sì ṣe bẹ́ẹ̀ títí di àárín àwọn ọdún 1970. Àwọn ìwé ìròyìn kan wà nígbà náà tí wọn kò ní iṣẹ́ méjì ju kí wọ́n máa dọdẹ irú àṣírí yìí láàárín àwọn òṣèré. Àdéhùn iṣẹ́ gba ilé-iṣẹ́ láyè láti lé ẹni tí wọ́n bá tú àṣírí rẹ̀. Bí ọkùnrin kan bá wà láìníyàwó, ìbéèrè kò ní í tán. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bi ọkùnrin tí ìyàwó kú fún, tí ọmọ kú fún, léèrè pé kí ló dé tí kò tún fẹ́ ẹlòmíràn? Ọ̀fọ̀ ni Burr fi mọ ògiri yí ilé rẹ̀ ká.

Ẹnìkan wà nínú ilé náà. Orí iṣẹ́ Perry Mason ni Burr ti pàdé Robert Benevides, ọ̀dọ́mọkùnrin òṣèré tó ti jagun ní Kòríà. Láti nǹkan bí ọdún 1960 ni wọ́n ti jọ ń gbé, wọ́n sì wà papọ̀ fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ohun tó wà nílé rẹ̀ lóòótọ́ pẹ́ ju gbogbo ìgbéyàwó tó fẹnu sọ lọ, ṣùgbọ́n kò lè dárúkọ rẹ̀ níta.

Nígbà tí Perry Mason parí, àwọn kan rò pé ti Burr náà ti tán. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ. Ní ọdún 1967, ó bẹ̀rẹ̀ Ironside lórí NBC, eré ọ̀gá ọlọ́pàá San Francisco kan tí ìbọn sọ di arọ, tó sì ń ti orí kẹ̀kẹ́ arọ wádìí ọ̀ràn. Ọdún mẹ́jọ ni eré náà fi lọ, títí di 1975. Ó jẹ́ ohun tuntun pé kí akọni eré jẹ́ aláàbọ̀ ara. Don Mitchell, òṣèré aláwọ̀ dúdú, ló ṣe Mark Sanger nínú rẹ̀: ó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́ tó ń ti kẹ̀kẹ́ ọ̀gá, ó sì ka ìwé títí ó fi di agbẹjọ́rò.

Ìwà Burr kún fún àánú lóòótọ́, kì í ṣe lórí tẹlifíṣàn nìkan. Léraléra ló lọ sí Kòríà àti Vietnam láti bá àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ṣeré. Ọ̀pọ̀ òṣèré a lọ sí àgọ́ ńlá níbi tí kámẹ́rà wà. Òun máa ń fẹ́ dé àwọn ibùdó kéékèèké níwájú ogun. Ó ń san owó ìtọ́jú fún àwọn ọmọ aláìní ní onírúurú orílẹ̀-èdè, nípasẹ̀ àwọn ẹgbẹ́ àánú. Ẹni tí kò ní ọmọ kankan, ọmọ ọlọ́mọ ló ń tọ́. Ní ọdún 1965, ó ra Naitauba, erékùṣù kan ní Fíjì. Níbẹ̀ ni òun àti Benevides ti ń gbin òdòdó ọ́kíìdì, wọ́n sì pọ̀ ọ́ ní oríṣi tó pọ̀. Ó fi orúkọ Barbara Hale, obìnrin tó ṣe Della Street, sọ ọ̀kan nínú wọn. Ọdún 1983 ni ó ta erékùṣù náà.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1985, Perry Mason padà dé nínú fíìmù tẹlifíṣàn. Burr ti sanra, ó ti hu irùngbọ̀n, Barbara Hale sì tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn tó wò ó pọ̀ débi pé fíìmù 26 ni ó ṣe kí ó tó kú. Òun àti Benevides sì dá oko àjàrà sílẹ̀ ní àfonífojì Dry Creek ní California, níbi tí wọ́n ti ń ṣe wáìnì.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1993, àwọn dókítà sọ fún un pé jẹjẹrẹ ti mú un ní kíndìnrín. Ó tún gbé ọ̀rọ̀ náà pamọ́, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ títí agbára rẹ̀ fi pin. Nígbà tó rí i pé ọjọ́ ti sún mọ́, ó pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ sínú oko rẹ̀, ó bá wọn jẹ, ó bá wọn mu, ó fi bẹ́ẹ̀ dágbére. Ọjọ́ 12, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1993 ló jáde láyé, ní ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Wọ́n gbé e padà sí New Westminster tí wọ́n ti bí i, wọ́n sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn òbí rẹ̀. Fíìmù Perry Mason tó ṣe gbẹ̀yìn jáde ní oṣù kọkànlá, nígbà tí òun ti wà nínú ibojì.

Benevides ló fi gbogbo ohun ìní rẹ̀ sílẹ̀ fún. Àwọn kan nínú ẹbí lòdì sí ìwé ìhágún náà, ọ̀rọ̀ sì bọ́ sí gbangba. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Àwọn ìwé ìròyìn tí Burr fi gbogbo ayé rẹ̀ sá fún kọ ọ́ síta nígbà tí kò lè dá wọn lóhùn mọ́, nígbà tó sì di ọdún 2008, wọ́n ti ko gbogbo rẹ̀ jọ sínú ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀.

Kò yẹ kí a sọ pé irọ́ náà kò ṣe nǹkan kan. Àwọn ènìyàn káàánú rẹ̀ nítorí ọmọ tí kò sí, obìnrin tó fẹ́ lóòótọ́ sì di ẹnìkan láàárín àwọn òkú tí wọn kò gbé láyé rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ dá Burr lẹ́jọ́ gbọ́dọ̀ ranti Talman, tí wọ́n ti lé lẹ́nu iṣẹ́ kí adájọ́ tó sọ̀rọ̀. Burr mọ ohun tí ayé máa ń ṣe fún ẹni tí ìbòjú bá já lójú rẹ̀, síbẹ̀ ó bọ́ síta fún ẹlòmíràn.

Nínú àgọ́ sákọ́ọ̀sì, apanilẹ́rìn-ín kun ojú rẹ̀ kí àwọn ènìyàn lè rẹ́rìn-ín. Raymond Burr kun tirẹ̀ kí wọ́n lè jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́, kí wọ́n sì jẹ́ kí ó ní ilé tí yóò padà sí. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi gba àwọn aláìjẹ̀bi sílẹ̀ ní kóòtù orí tẹlifíṣàn. Kò sí kóòtù kankan nígbà náà tó lè gba òun sílẹ̀.